Báwo ni DNS kan ṣe lè fún ará inú ọgbà àti ará ìta ní ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Nẹ́tíwọ̀kì ilé-ìwé kan ni mo ń bójú tó. Sáfà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ wọn sí ń jẹ́ 192.168.10.5 nínú ọgbà, ó sì ń jẹ́ 203.0.113.5 níta (mo fi èyí rọ́pò àdírẹ́sì gidi). BIND 9, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ DNS (ìyẹn sísọ orúkọ di àdírẹ́sì), ni mò ń lò, àdírẹ́sì ìta nìkan ni ó sì ń fún gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ráútà wa kì í jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ọgbà gba ọ̀nà ìta wọlé padà. N kò fẹ́ kí sáfà náà ní orúkọ méjì, nítorí pé àwọn olùkọ́ máa ń gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ sílé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn kìíní: View ni ẹ nílò, ìyẹn ọ̀nà tí BIND fi ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn tirẹ̀. Nínú named.conf, fáìlì ìṣètò BIND, ẹ fi acl (àtòjọ àdírẹ́sì) to àwọn àdírẹ́sì inú ọgbà, kí ẹ wá ṣe view méjì: kí match-clients (ìlà tó ń sọ ẹni tí view wà fún) ti inú tọ́ka sí acl náà, kí ti ìta sì jẹ́ any. Ti inú ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, nítorí pé láti òkè ni BIND ti ń wò ó bọ̀, view àkọ́kọ́ tí ó bá bá ẹni tó béèrè mu ni yóò sì dá a lóhùn. Bí ti any bá ṣáájú, kò sí ẹni tí yóò dé ti inú láéláé. Gbogbo zone yín (àkójọ àkọsílẹ̀ orúkọ àti àdírẹ́sì) gbọ́dọ̀ wà nínú view. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù síta, BIND kò ní gbà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ kọ recursion no sí ti ìta, kí àjèjì má baà máa fi sáfà yín béèrè orúkọ káàkiri.

Ìdáhùn kejì: Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ibi tí wàhálà ti sábà ń yọ kò tíì tán. Fáìlì zone ti view méjèèjì kì í yá ara wọn ní nǹkan. Bí ẹ bá fi orúkọ tuntun kún ti ìta tí ẹ kò fi kún ti inú, NXDOMAIN (ìyẹn pé orúkọ náà kò sí) ni àwọn ará ọgbà yóò máa gbà, nígbà tí nǹkan ń lọ déédéé fún àwọn ará ìta. Ẹ kó àwọn àkọsílẹ̀ tí méjèèjì jọ ní sínú fáìlì kan, kí ẹ fi $INCLUDE fà á wọ inú zone méjèèjì.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Sáfà DNS kejì wa ńkọ́, tí ó ń gba ẹ̀dà zone lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́? Inú ọgbà ni òun náà wà.

Ìdáhùn kìíní: Àdírẹ́sì inú ni yóò fi wá, nítorí náà zone inú nìkan ni yóò máa rí gbà, yóò sì máa fún ará ìta ní 192.168.10.5 tí kò lè mú wọn dé ibì kankan. Ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́ TSIG (àṣírí tí sáfà fi ń fi ara rẹ̀ hàn fún èkejì) kan fún view kọ̀ọ̀kan. Nínú match-clients ti inú, ẹ kọ́kọ́ kọ àmì ! ṣáájú kọ́kọ́rọ́ ti ìta láti yọ ọ́ kúrò, kí acl tó tẹ̀ lé e. Sáfà kejì náà gbọ́dọ̀ ní view méjì, kí ìkọ̀ọ̀kan sì fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ béèrè.

Ìdáhùn kejì: Bí ẹ bá ṣe tán, tí kọ̀ǹpútà olùkọ́ kan ṣì ń gba àdírẹ́sì ìta nínú ọgbà, ẹ wo bóyá DNS over HTTPS (fífi ọ̀nà wẹ́ẹ̀bù béèrè DNS) ni a tàn nínú Firefox rẹ̀, nítorí pé sáfà ẹlòmíràn ni yóò máa bi léèrè, kì í ṣe tiyín.