Ẹ̀yin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kí lojú yín ti rí?

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Kọ̀ǹpútà 16 ni mo ń tọ́jú ní ọ́fíìsì kan níbí ní Àjàṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, fíláàṣì ni mo máa ń gbé kiri láti tábìlì dé tábìlì, tí màá máa tún Firefox wọn, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó dé orí ìkẹrìndínlógún, àwọn ti àkọ́kọ́ á ti yí tiwọn padà.

Ọjọ́ tó sú mi ni ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan jókòó sídìí ẹ̀rọ tí ọ̀gá lò lánàá. Ó ní kóun ka lẹ́tà òun, lẹ́tà ọ̀gá ló ṣí sílẹ̀ gbayawu, torí Firefox ti bá ọ̀gá tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà. Ariwo ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré.

Mo wá gbọ́ pé láti Firefox 60, tó jáde ní 2018, fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ policies.json ti tó láti pàṣẹ fún un. Èèyàn á dá fódà kan tó ń jẹ́ distribution síbi tí firefox.exe wà, á gbé fáìlì náà sínú rẹ̀, ó parí. Mo kọ ọ́. Mo ti Firefox, mo tún un ṣí. Òfo. Mo tẹ about:policies, ojúewé tí Firefox ti ń fi àwọn àṣẹ tó gbà hàn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wá kọ́mà tó sọnù, bẹ́ẹ̀ kọ́mà kankan ò sọnù. Àṣé Bloc-notes tí mo fi kọ ọ́ ti so .txt mọ́ ìdí orúkọ fáìlì náà, Windows sì ń fi ìrù yẹn pamọ́ fún mi. policies.json.txt ni mo ti ń bá jà!

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí. Nígbà tó gbọ́ràn tán, mo sọ ara mi di ọba. Mo ní kó má tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́, ìyẹn dára. Mo tún wá tan SanitizeOnShutdown, pé kó máa gbá gbogbo nǹkan dànù nígbàkigbà tí wọ́n bá ti Firefox. A ní màmá kan tó ń ṣe ìṣirò owó. Màmá yìí ò fi àmì sí ojúewé kankan rí láyé ẹ̀. Lẹ́tà kan péré ló máa ń tẹ̀, àdírẹ́sì á sì fúnra ẹ̀ yọ jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò yọ. Ó yíjú sí mi: “Ọmọ mi, ta ló kó ọjà mi lọ?”

Èmi náà ni mo kó o lọ, kò sì sí bó ṣe lè padà wá. Àwa méjèèjì jókòó ti rìsíìtì àtàwọn ìwé àtijọ́, à ń wá àdírẹ́sì. A rí 11. Mo kó wọn sínú ManagedBookmarks, ìyẹn àmì ojúewé tí fáìlì yẹn ń bá èèyàn fi síbẹ̀, kí wọ́n lè wà lójú ẹ̀ nígbà gbogbo, mo sì ní kí Firefox má fọwọ́ kan ìtàn ibi téèyàn ti lọ mọ́. Màmá ṣì kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Kò gbà mí gbọ́ mọ́.

Ọmọ Alákétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Tèmi ò gùn. Yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ni, mozilla.cfg, fáìlì mìíràn tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún Firefox, ni mo sì lò. Gbogbo lockPref, ìyẹn àṣẹ tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ò lè yí padà, tí mo kọ ló ṣiṣẹ́, àfi ti ojúewé àkọ́kọ́, tí mo kọ sókè pátápátá. Ọjọ́ mẹ́ta! Àṣé Firefox kì í ka ìlà àkọ́kọ́ fáìlì yẹn rárá, ibi tí wọ́n ń kọ //, àmì àlàyé lásán, sí ni. Èmi tí mo dàgbà sí ìlú Akaba Idena, ẹnu ibodè àtijọ́ Kétu, ó yẹ kí n mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu ibodè ni wọ́n ń dá dúró.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ

Ẹ̀yin ń fi Firefox ṣeré. Ẹ gbọ́ ti Thunderbird, ètò tí wọ́n fi ń ka lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́ta, àdírẹ́sì kan. POP, ọ̀nà tó ń kó lẹ́tà wá sórí ẹ̀rọ, lẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi lò, kò sì ní kó fi ẹ̀dà sílẹ̀ lórí sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí lẹ́tà kọ́kọ́ ń dé sí. Ẹ̀rọ tó bá kọ́kọ́ jí láàárọ̀ ló ń gbé gbogbo lẹ́tà mì. Àárín ìkórè ni lẹ́tà oníbàárà kan láti Kútọnu, tó sọ iye tó fẹ́ rà á, bọ́ sórí ẹ̀rọ ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù, òun sì ti lọ síbi òkú. Wọ́n ní akọ̀wé ló pa á rẹ́. Díẹ̀ ló kù kí ẹgbẹ́ tú.

Mo wọ́ àwọn lẹ́tà ọ̀hún padà sórí sáfà, mo sọ gbogbo ẹ̀ di IMAP, tó ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí sáfà kí gbogbo ẹ̀rọ lè rí i. Mo gbé config-v1.1.xml, fáìlì tó ń sọ ètò lẹ́tà wa fún Thunderbird, sórí sáìtì wa, lábẹ́ autoconfig. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé kò ní ju kó kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ aṣínà, Thunderbird á fúnra ẹ̀ mú 993 àti 587, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbà jáde. Ohun tí mo gbàgbé ni pé Thunderbird máa ń kó ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà IMAP sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù là ń lò. Dátà oṣù kan, ọjọ́ kejì ló tán. Lẹ́tà 30 ọjọ́ tó kẹ́yìn nìkan ni mo ń jẹ́ kó wà lórí ẹ̀rọ báyìí.

Ará Àjàṣẹ́

Ìyá Ìbejì, fáìlì wo lẹ kọ ti 30 ọjọ́ yẹn sí?

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ

Fáìlì kẹ̀? Mo wọ ètò àkáǹtì, níbi tí wọ́n kọ Synchronisation sí. Orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni mo ti fọwọ́ ṣe é o. Mẹ́ta péré ni wọ́n ṣáà jẹ́.