Golf GTI mi ń yí táyà lójú kan ní òkè Ẹ̀fọ̀n: irú táyà wo ni kí n rà?

Ọmọ Arámọkọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Èkìtì tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an.

Golf 6 GTI ni mo ń wà, ti ọdún 2011, ẹ́ńjìnì 2.0 tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára sí i), jíà DSG tó ń yí ara rẹ̀. Agbára ẹṣin 200 ló ní, táyà iwájú ló sì ń fa ọkọ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń gbéra ní Adó, mo máa gba Ìyìn, Ìgẹ̀dẹ́, Arámọkọ, Ìtàwúrẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n lọ sí Iléṣà níbi tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yẹn mọ bó ṣe ń gun òkè tó sì ń lọ́ bí ejò lẹ́yìn Ìtàwúrẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo wà lẹ́yìn tírélà tó kó pákó, èéfín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo rí àyè, mo tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè yà á sílẹ̀. Tọ́bò gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnì ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò lọ! Táyà iwájú ń yí lójú kan, sítíárì ń já mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń fà mí lọ sápá òsì, iná yẹ́lò kékeré tó ní àwòrán mọ́tò tó ń yọ̀ sì ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Sienna kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ látòkè. Mo yára gbé ẹsẹ̀, mo padà sẹ́yìn tírélà. Ọlọ́run ló yọ mí. Mo dé Iléṣà, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Ohun tí kò yé mi ni pé táyà iwájú méjèèjì ò tíì pẹ́. Oṣù mẹ́ta péré ni mo rà wọ́n, tòkunbọ̀ láti Jámánì, 225/45R17, eyín wọn ṣì ga dáadáa. Bí tuntun ni, ẹni tó tà á fún mi ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣé èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí n rà? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n dín afẹ́fẹ́ kù. Òmíràn ní kí n gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì sí búùtù. Owó táyà mẹ́rin ò sí lọ́wọ́ mi báyìí, àmọ́ mo lè ra méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Táíwò Ìjerò

Ẹ kú ewu, bọ̀dá. Ẹ ra èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 245 mm, tiyín jẹ́ 225. Táyà tó bá fẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn, táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀ yín, tí ẹ bá di ẹrù sẹ́yìn, ṣe ni iwájú á tún fúyẹ́ sí i.

Bàbá Fọkanáísà, Ìkẹ́rẹ́

Ọmọ Arámọkọ, o kú ewu, o kú oríire. Má tíì náwó. Lọ sídìí ọkọ̀ rẹ, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí o ka ara táyà iwájú yẹn. Wò ó bóyá wọ́n kọ M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) sí i. Wò ó bóyá wàá rí àwòrán òkè kékeré olórí mẹ́ta tí òdòdó yìnyín wà láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, kí o tẹ̀ lé e dé nọ́ńbà mẹ́rin ìparí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Tí o ò bá rí nọ́ńbà mẹ́rin náà lójú òde, ẹ̀gbẹ́ inú ló wà, kí o tẹ̀ ba kí o wò ó.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí mò ń rí ni mò ń sọ. Ní Jámánì, wọ́n máa ń pààrọ̀ táyà tí òtútù bá dé. Táyà yìnyín tí wọ́n ń dé nígbà náà ló máa ń ní àwọn àmì tí mo ní kí o wá yẹn; wọ́n fi rọ́bà tó rọ̀ ṣe é kó má baà gan bí igi nínú òtútù, wọ́n sì fi nǹkan bí abẹ gé eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́ kó lè máa já yìnyín jẹ. Tí ojú ọjọ́ bá ti ju 7°C lọ, kò sí níbi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ wa tó le jù kì í dé bẹ̀! Lórí ọ̀dà tó gbóná, eyín wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn á máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀, yálà ilẹ̀ gbẹ tàbí ó tutù. Ọkọ̀ tí kò lágbára lè máa fara dà á. Tìrẹ ò lè fara dà á, torí tọ́bò yẹn kì í gbé agbára wá díẹ̀díẹ̀. Gbogbo 280 Nm (agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń yí táyà) tí ẹ́ńjìnì rẹ ní ti pé láti nǹkan bí 1,700 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ìyẹn ni pé bí o ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ti dé. O sì ń gun òkè, ìwúwo ọkọ̀ ti fà sẹ́yìn, táyà iwájú ti fúyẹ́. Kí ló máa dì mú?

Táíwò, ìwọ náà ṣeun, àmọ́ mi ò fara mọ́ 245 yẹn. Bí táyà bá ṣe ń fẹ̀ sí i ló ṣe ń rọrùn fún omi láti gbé e sókè, ó sì lè máa ha ara ọkọ̀ tó bá ti yí sítíárì dé ìparí. 225 tí ilé iṣẹ́ fi sí i ti tó. Rọ́bà ni kó pààrọ̀.

Tí o bá fẹ́ ra tuntun, táyà ìgbà ooru ni kí o béèrè, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ asáré. Michelin Pilot Sport 4 wà ní ìwọ̀n tìrẹ, 94Y ni wọ́n kọ sí i. 94 ni pé táyà kan lè gbé 670 kg, Y ni pé ó lè sá dé 300 km/h. O ò ní sá eré yẹn láéláé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n táyà tó lè gba ooru eré yẹn á gba ooru ọ̀nà wa. Goodyear Eagle F1 náà dára. Tí bébà àmì Yúróòpù bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, wá ibi tí wọ́n ya kùrukùru òjò sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bí táyà ṣe ń di ilẹ̀ tó tutù mú: A ni kí o gbà, má sọ̀ kalẹ̀ ju B lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn táyà wọ̀nyí máa ń ní OUTSIDE lára. Ojú yẹn gbọ́dọ̀ kọ síta. Mo ti bọ́ táyà olówó gọbọi lára rììmù tí wọ́n dé e sódì, tí ẹni tó ni ín sì ń ráhùn pé táyà ò dára. Dúró ti ẹni tó ń bá ọ dé e.

Má dín afẹ́fẹ́ kù. Wo bébà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí nínú ìdérí ojú epo, iye tó wà níbẹ̀ ni kí o tẹ̀ lé, àárọ̀ kùtù kí ọkọ̀ tó rìn sì ni kí o wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fún táyà gbogbo ọkọ̀ ní afẹ́fẹ́ 40 psi. Kò dáa bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Arámọkọ

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti lọ wò ó báyìí. Òkè olórí mẹ́ta wà níbẹ̀, òdòdó yìnyín wà nínú rẹ̀. Mo ti ń fọ ọkọ̀ yìí fún oṣù mẹ́ta, mi ò kíyè sí i rí! Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kí n tó rí ọjọ́ orí: 4113. Ọ̀sẹ̀ kọkànlélógójì, ọdún 2013. Ó ju ọmọ mi àgbà lọ. Mo ki ìkánná mọ́ rọ́bà rẹ̀, kò wọlé rárá. Mo tẹ eyín kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí i tó sán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí.

Mo wá wo ti ẹ̀yìn. Continental ni, kò sí òdòdó yìnyín lára wọn, 0821 ni wọ́n kọ sí i. Ara ọkọ̀ ni mo ti bá wọn nígbà tí mo rà á. Mo fi rúlà ọmọ mi wọ̀n ọ́n, eyín rẹ̀ ku nǹkan bí 5 mm. Ṣé kí n ra méjì tuntun sí iwájú?

Ìyá Ìbejì, Ajílòsùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi tuntun síwájú. Audi A3 tó ní tọ́bò ni mò ń wà, táyà iwájú ló ń fà á bíi tiyín. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn: iwájú ló ń ṣiṣẹ́, iwájú ni kó jẹ tuntun. Mo fi èyí tó ti ń jẹ tán sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mò ń ti Àkúrẹ́ bọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná níbi kọ́nà kan kí Ìkẹ́rẹ́ tó dé. Iwájú di ilẹ̀ mú pinpin, ẹ̀yìn ní òun ò bá a lọ. Ọkọ̀ yí po, ó kọjú sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Àwọn ìbejì wà lẹ́yìn.

Tí iwájú bá yọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀, ó máa ń padà wálẹ̀, bó ṣe ṣe yín ní Ìtàwúrẹ́. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀, àwa tí kì í ṣe awakọ̀ ìdíje ò lè dá a dúró. Ẹ fi tuntun sẹ́yìn.

Bàbá Fọkanáísà, Ìkẹ́rẹ́

Òótọ́ lo sọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ kú ewu, ìwọ àtàwọn ọmọ. Ọmọ Arámọkọ, gbé Continental yẹn síwájú, 5 mm ṣì dára nínú òjò, 3 mm ni kó máa kọ ọ́ lóminú. Fi tuntun sẹ́yìn. Kí o sì fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ méjì tí o bọ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n má baà tún lọ tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Máa rọra tẹ tuntun fún bí 300 km àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ máa ń yọ̀ díẹ̀ kó tó ha.

Ọmọ Arámọkọ

Mo ti ṣe é. Méjì tuntun wà lẹ́yìn, OUTSIDE kọjú síta, èmi ni mo dúró tì wọ́n. Mo la táyà méjèèjì yẹn fúnra mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì àná, òjò bá mi ní Ìtàwúrẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró lẹ́sẹ̀ òkè títí ọ̀nà fi dá, kò sẹ́ni tó ń bọ̀, kò sẹ́ni lẹ́yìn mi. Mo tẹ̀ ẹ́ ní jíà kejì, mi ò tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Iná yẹ́lò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, táyà já ilẹ̀ jẹ, ọkọ̀ lọ. Sítíárì ò fà mí. Ìyàwó mi ní ojú mi yàtọ̀ nígbà tí mo wọlé.

Bàbá, mo ti ń tọ́jú owó méjì tó kù. Tí 94Y yẹn bá tún wọlé sọ́dọ̀ yín, ẹ bá mi mú un sílẹ̀.