Voice note tó gba Kùbwá dé Kàdúná

Láti Kùbwá, Àbújá:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Àjọ kékeré kan tó ń ran àwọn aláboyún lọ́wọ́ ní àwọn abúlé Gbàgyí lágbègbè Bwari ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń bójú tó ohun tí à ń gbé sórí Facebook àti WhatsApp. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa níbẹ̀ àti ohun tí kò ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Àwòrán tó dán gbinrin, tí Gẹ̀ẹ́sì gígùn wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ mìíràn ni wọ́n máa ń bá wa yọ̀ sí i, àwọn tí a jọ ń pàdé nípàdé ní Wuse àti Maitama. Àwọn ìyá tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kì í rí i.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí agbẹ̀bí abúlé kan gbà kí a gba ohùn òun sílẹ̀. Màmá yìí sọ̀rọ̀ ní Gbàgyí, wọ́n tún un sọ ní Háúsá. Wọ́n ka àwọn àmì ewu: orí fífọ́ tí kò lọ, kí ojú máa ṣú èèyàn, ojú àti ọwọ́ tó ń wú, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ọmọ tí kò mira nínú mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ dúró de ọkọ kó tó wá ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn. Ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá wa fẹ́ kí a gé igbe ewúrẹ́ yẹn kúrò, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ará abúlé bíi tòun ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì.

Voice note náà rìn! Kì í jẹ dátà púpọ̀, ẹni tí kò kàwé náà sì gbọ́ ọ yé. Àwọn obìnrin tó ń ta gàrí lọ́jà Kùbwá fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò wọn ní Kàdúná, ó sì ń padà dé ọ̀dọ̀ wa láti ọwọ́ àwọn tí a kò mọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ nìkan kò tó. Àwa tí a wà ní Àbújá lọ́dún 2014 rí i kedere. Wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok lóṣù kẹrin, ìpolongo #BringBackOurGirls, tó ń béèrè pé kí wọ́n dá wọn padà, sì gba ayé kan, títí dé ọwọ́ Michelle Obama. Ohun tí mo fi ń yin àwọn tó ń darí rẹ̀ títí dòní ni pé nígbà tí ayé ti kọjú síbòmíràn, wọ́n ṣì ń wọ aṣọ pupa jókòó ní Unity Fountain, wọ́n sì ń ka iye ọjọ́ tí àwọn ọmọ náà ti lò nígbèkùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bagega ní Zamfara. Òjé tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà ti pa nǹkan bí ọmọdé 400 ní ìpínlẹ̀ náà lọ́dún 2010. Àwọn tó ń ṣe Follow The Money, tó ń tọpa owó ìjọba, gbé #SaveBagega jáde, wọ́n ń béèrè owó tí ìjọba ṣèlérí láti fi fọ ilẹ̀ náà mọ́. Lọ́dún 2013, owó jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jábọ̀ gbogbo nǹkan. Tí a bá tọrọ owó àpò ìbímọ, ìyẹn àpò ohun èlò tí aláboyún máa lò lọ́jọ́ ìbímọ, mo máa ń gbé rìsíìtì síta, mo sì ń to ohun tí a rà sórí ẹní kí n tó ya á: abẹ tuntun, ìbọ̀wọ́, òwú, okùn tí wọ́n fi ń so ìwọ́, ọṣẹ. Tí ọjà bá gbówó lórí, mo máa ń sọ ọ́. Àwọn tó dá ẹgbẹ̀rún kan náírà nígbà àkọ́kọ́ ló tún ń dá a.

Ohun kan wà tí n kò lè ṣe láéláé. Ẹnì kan tó fẹ́ fún wa lówó ní kí a gbé ojú ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú síta, pé ẹkún rẹ̀ á mú káwọn èèyàn dáwó. Mo kọ̀. Ìyá yẹn ní àna, ó ní ọmọ mìíràn, ó ń gbé láàárín èèyàn.

Láti Sábóńgàrì, Kánò:

Àǹtí, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀ fún wọn, Ọlọ́run á bu kún yín. Níbí o, rédíò ṣì lágbára ju Facebook lọ. Ìyàwó tí kì í jáde nílé ń gbọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ náà ń gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ọkọ yìí ló sì ń fúnni láyè àtilọ sílé ìwòsàn. A máa ń gé ètò orí rédíò náà sí kéékèèké, a ó wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Àhesọ ló ń bà wá lẹ́rù jù. Àhesọ ló mú kí Kánò dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró lọ́dún 2003. Tí irú rẹ̀ bá jáde báyìí, a kì í dá èsì kọ, ọ̀dọ̀ lẹ́mọ́ọ̀mù àdúgbò la máa ń lọ, òun làwọn èèyàn máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé màmá agbẹ̀bí yẹn lè bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní Háúsá? Àwọn ìyá ń béèrè níbí, n kò sì tíì rí obìnrin tó ti dàgbà tó máa dá wọn lóhùn.