Fìlà ọmọ tó padà wá bá mi nílé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nídìí fífi ẹrù kékeré ránṣẹ́ sókè òkun, bóyá á ṣe ẹnì kan láǹfààní.

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lókè òkun ti ń kọ lẹ́tà síra wa. Lẹ́tà gidi ni o, èyí tí a fi ọwọ́ kọ. Màá lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, màá jù ú sínú àpótí, yóò sì dé. Sítáǹpù orílẹ̀-èdè tèmi nìkan ló ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ní ìlú tí ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ rí! Àjọ UPU, ìyẹn àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Bern ní Switzerland ní 1874, ló wà nídìí ẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ṣe ni àwọn orílẹ̀-èdè ń bá ara wọn ṣàdéhùn ní méjì-méjì, iye tí wọ́n ń gbà sórí lẹ́tà kan náà kì í sì í dọ́gba. Mo fẹ́ràn ètò yìí dọ́kàn.

Tó bá jẹ́ ìwé nìkan, kò sí wàhálà, ẹ ṣáà wọ̀n ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ibi, gíráàmù 20 ni ìpele ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbowó lé, bébà A4 mẹ́ta àti àpò ìwé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo fi kún un lọ́jọ́ kan ló gbé e kọjá. Wọ́n tẹ T gàdàgbà sí i lára, àmì pé owó sítáǹpù rẹ̀ kò pé, wọ́n sì gba owó tó kù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kí wọ́n tó fún un. Ojú tì mí gan-an.

Ìgbà tó bímọ ni ọ̀rọ̀ wá le. Mo hun fìlà òwú kékeré kan, aláwọ̀ ewé. Òun àti àpò rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 47. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ń kó sítáǹpù jọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n tẹ lébẹ́ẹ̀lì lé e dípò sítáǹpù. Mo to sítáǹpù mọ́kànlá sí igun òkè lápá ọ̀tún, ẹlẹ́yẹ àti olódòdó. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n lè ṣí dànù lọ́nà, ni mo bá fi sẹ́lótéèpù bo gbogbo wọn. Òṣìṣẹ́ tó wà ní káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ má bínú, òǹtẹ̀ ò lè mú lórí ike. Bíi pé ẹ ò lẹ nǹkan kan ni.” Mo ra òmíràn.

Mo wá kọ fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù kékeré tí wọ́n ń pè ní CN22. Níbi tí wọ́n ti ní kí n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, mo kọ “ẹ̀bùn”, mo jù ú sínú àpótí, ó parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ìròyìn. Sítáǹpù lásán ò ní nọ́ńbà tí èèyàn lè fi tọ ẹrù lẹ́sẹ̀. Àfi ìgbà tí fìlà padà wá bá mi nílé, igun àpò ti fà ya, òǹtẹ̀ ti wà lórí gbogbo sítáǹpù. Mo jókòó tì í, inú mi bàjẹ́. Orí ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo padà lọ béèrè. Àṣìṣe méjì ni mo ṣe. “Ẹ̀bùn” kò sọ ohun tó jẹ́. “Fìlà ọmọdé, òwú, ẹyọ kan” ló yẹ kí n kọ, pẹ̀lú ìwọ̀n àti iye owó rẹ̀, kí n sì buwọ́ lù ú. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: láti 2021, Amẹ́ríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń fẹ́ kí ìsọfúnni nípa ọjà ti dé orí kọ̀ǹpútà wọn kí ẹrù fúnra rẹ̀ tó dé. Lẹ́tà tó jẹ́ kìkì ìwé kò sí nínú èyí. Ẹrù ni, ì báà kéré tó fìlà. Nítorí náà, ẹ má ju ẹrù sínú àpótí o, káńtà ni kí ẹ gbé e lọ. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ èyí sára àpótí náà gan-an.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kí òṣìṣẹ́ náà tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì sanwó rẹ́jísítà lé e kí n lè rí nọ́ńbà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé sítáǹpù ni mo fẹ́. Ó gbà, ó sì fi ọwọ́ tẹ òǹtẹ̀ náà jẹ́jẹ́, eteetí nìkan, kó má ba ẹyẹ kankan jẹ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni fọ́tò méjì wọlé. Nínú ọ̀kan, fìlà náà wà lórí ọmọ, ó ṣẹ́kù díẹ̀ kó bo etí. Nínú èkejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gé igun àpò náà, ó ti rẹ ẹ́ sómi, sítáǹpù mọ́kànlá sì wà lórí aṣọ ìnura, ó ń sá wọn.