Ṣé nọ́ńbà tó ti pẹ́ tí kò jáde máa ń jẹ gbèsè lóòótọ́?

ỌmọẸ̀gbá:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Nítorí àbúrò bàbá mi tó ń gbé l'Abẹ́òkúta ni mo ṣe kọ èyí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ sí kíọ́sì tẹ́tẹ́ lótò Bàbá Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní ìwé gbọọrọ kan tí gbogbo nọ́ńbà tó ti jáde látẹ̀yìn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní 45 ti pẹ́ tí kò jáde, pé ó jẹ gbèsè, òun ni wọ́n sì ń fi ṣe banker, ìyẹn nọ́ńbà kan tí wọ́n ń so mọ́ gbogbo nọ́ńbà tó kù. Ẹnìkan tún wà lórí WhatsApp tó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì, tó ń gba ₦5,000 kó tó fún wọn ní two sure, ìyẹn nọ́ńbà méjì tí wọ́n ní ó máa jọ jáde. Owó oúnjẹ ilé ló ń bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ bí tẹ́tẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kó là mí lọ́yẹ̀.

RáítàMúṣin:
Mo kọ tíkẹ́ẹ̀tì ní kíọ́sì rí (ráítà là ń pè wá), nítorí náà ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Bọ́ọ̀lù 90 ló wà nínú ẹ̀rọ, márùn-ún ló ń jáde. Tí ẹ bá so nọ́ńbà méjì-méjì pọ̀ láti 1 dé 90, 4,005 ni gbogbo rẹ̀. Nínú márùn-ún tó jáde, méjì-méjì mẹ́wàá péré lẹ lè rí. Ẹni tó bá ta two sure nígbà 400, ẹ̀ẹ̀kan ló lè máa retí kó jẹ. Àmọ́ ₦240 ni wọ́n ń san lórí ₦1.

Ká ní ẹnìkan lówó débi pé ó ta gbogbo 4,005 náà ní ₦100 ₦100. Ó ti kó ₦400,500 sílẹ̀. Dandan ni kó jẹ: mẹ́wàá máa jẹ, ₦24,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦240,000 ló máa gbà lọ sílé. ₦160,500 tó kù, ibẹ̀ ni owó ráítà, owó ìjọba àti èrè ilé-iṣẹ́ ti ń wá. Wọn ò ṣe màgòmágó kankan o. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀.

Banker tí àbúrò bàbá yín ń ta, ìlà 89 ni: 45 pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nọ́ńbà 89 tó kù, ₦1 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Tí 45 bá jáde, ìlà mẹ́rin ló jẹ, ₦960 lórí ₦89. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 18 ni ẹ lè retí ẹ̀, ₦1,602 sì ti wọlé lọ kó tó pé ìgbà 18 yẹn.

Ní ti gbèsè, bọ́ọ̀lù kì í rántí. Ẹ mú gẹ́ẹ̀mù kan, ẹ wo ọ̀sẹ̀ 20 sẹ́yìn: nínú 90, ẹ ó bá bí 29 tí kò jáde rárá. 45 kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni.

Kápẹ́ńtà kan máa ń wá sọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú pẹ́ńsù létí, àkékù pákó ló máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ọjọ́ tó jẹ, gbogbo àdúgbò gbọ́. Àwọn ọjọ́ tí kò jẹ, èmi nìkan ni mo mọ̀, torí ọwọ́ mi ló ń san owó sí.

ÌyáDáre:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti wòlíì kún un. Àbúrò mi àti aládùúgbò rẹ̀ san owó fún ọ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n jọ ṣí fóònù, nọ́ńbà tó fún wọn yàtọ̀ síra! Ẹni tó bá pín two sure 400 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún èèyàn 400, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan jẹ. Fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì ẹni yẹn ni wọ́n máa wá gbé síta láti fi pe àwọn mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an.

AlàgbàṢómólú:
Ẹ kú ìjíròrò. Kí lótò tó gbòde, púùlù la mọ̀, bọ́ọ̀lù ìlú Òyìnbó la fi ń ta tẹ́tẹ́. Kessington Adebutu, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú, ìdí púùlù ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dá Premier Lotto sílẹ̀. Márùn-ún nínú 90 yìí pàápàá, Genoa ní Ítálì ni orírun rẹ̀: wọ́n ń fi ìbò mú orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn ará ìlú sì ń ta tẹ́tẹ́ lórí orúkọ tó máa jáde.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti owó ìjọba. Ní 22 Oṣù Kọkànlá, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé òfin lọ́tìrì ti 2005, lórí ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ti pè láti 2008. Wọ́n ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin l'Ábújá kò láṣẹ lórí lọ́tìrì ní àwọn ìpínlẹ̀. Ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ lọ̀rọ̀ wá kù sí. Ó yẹ ká máa bi gómìnà wa léèrè: ilé-ìwé wo, ilé ìwòsàn wo ni owó kíọ́sì àdúgbò wa kọ́?

ỌmọẸ̀gbá:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. RáítàMúṣin, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

RáítàMúṣin:
Ẹ má ya ìwé wọn o, ìjà ló máa dá sílẹ̀. Ẹ lọ bá ráítà wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì láwìn fún oníbàárà tó ti mọ́ni lára. Ẹ bi í bóyá àbúrò bàbá yín jẹ ẹ́ lówó, iye tó bá sì jẹ́, ẹ san án, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ àwìn fún wọn mọ́.