Ṣé kí n gba iṣẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré yìí?

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ wà nídìí eré ìdárayá, mo kí yín o. Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ni mí fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin yunifásítì kan ní ìpele kìíní NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ìpele kẹta ti wá ní kí n wá ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìpele kẹta kì í fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹnu mi ni n óo fi máa fa àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́ra, níwájú àwọn òbí tó ń ro ti owó ilé ẹ̀kọ́ tí kò kéré. Àdéhùn ọdún kan ni wọ́n fẹ́ fún mi, wọ́n sì fi àbójútó pápá kún un: èmi ni n óo máa wá ẹni tí yóò fa ìlà pápá, èmi náà ni n óo máa wo fídíò ìdíje lóru. Owó oṣù náà fi díẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá síbí.

Lóòótọ́, Anson Dorrance ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Yunifásítì North Carolina láti 1979 títí di 2024, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ NCAA 21, àmọ́ ta ló tún ń rí irú àyè bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yìí, ṣé àwọn yunifásítì ńlá máa ń padà wá ẹni tó ti ṣe olórí ní ìpele kẹta, àbí wọn a máa kà á sí ẹni tó ti sọ̀kalẹ̀? Kí sì ni kí n ní kí wọ́n kọ sínú àdéhùn náà kí n tó fọwọ́ sí i?