Ilẹ̀ là ń là ní itẹ́ òkú: lórí orúkọ tí a fẹ́ sọ ọ̀gá iṣẹ́ itẹ́ òkú ti ìjọba

Okun o, ẹ̀yin ọmọ ìyá, okun gbogbo ilé.

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ látìgbà tí àbúrò wa tó wà ní Ìsánlú, nílẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, ti béèrè pé kí la máa pe ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́ kó máa darí yíya puláànù àti kíkọ́ itẹ́ òkú, torí ó ń tú orúkọ àwọn iṣẹ́ ìjọba sí Yorùbá fáwọn ọmọ girama, ó débi iṣẹ́ yìí, ó há. Bùọ̀dá wa láti Kàbà ní ká pè é ní "olùdarí ìkọ́lé ibi ìsìnkú". Àǹtí wa tó jẹ́ tíṣà ní Mọ̀pà ní rárá o, "alábòójútó itẹ́ òkú ìjọba" ló dáa jù. Ẹnì kan tún wá ní "ayàwòrán ilé òkú", àwọn kan sì ti ń gbè é lẹ́yìn. Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á torí ó máa gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí "ìkọ́lé" yẹn. Ilé wo ni wọ́n ń kọ́ ní itẹ́? Ọ́fíìsì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, bóyá àtíbàbà tí wọ́n ti ń gbàdúrà kí wọ́n tó gbé òkú lọ sẹ́nu kòtò. Ó tán. Gbogbo ìyókù, ilẹ̀ ni. Ọ̀nà tí ọkọ̀ òkú máa gbà tí táyà ẹ̀ ò ní í rì, ibi tí omi òjò máa gbà jáde, bí ìlà ibojì kan ṣe máa jìnnà sí èkejì kí àwọn tó gbé pósí lè rìn láìtẹ orí òkú olókùú, igi tí wọ́n máa gbìn àti bó ṣe máa jìnnà tó kí gbòǹgbò ẹ̀ má baà tú ibojì, apá ibi tí wọ́n máa yà sọ́tọ̀ fáwọn Mùsùlùmí kí ibojì lè kọjú síbi tó yẹ. Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyẹn. Ẹni tí a bá pè ní olùdarí ìkọ́lé tàbí ayàwòrán ilé, ilé lọkàn gbogbo èèyàn máa lọ, ọkàn òun náà sì lè lọ síbẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ yìí ṣojú mi. Mo bá agbaṣẹ́ṣe kan tọ́jú sítọ́ọ̀ nígbà tó gba iṣẹ́ itẹ́ òkú káńsù kan nílẹ̀ wa níbí. "Kíkọ́ itẹ́ òkú" ni wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ńtíráàtì, nígbà tó sì ti jẹ́ kíkọ́ ni, wọ́n kọ́ lóòótọ́: fẹ́ǹsì yíká, géètì onírin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, àti ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ kòtò kankan wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi àwọn àgbẹ̀ ìtòsí pé ibo ni àgbàrá ń gbà kọjá lórí ilẹ̀ yìí. Nígbà tójò wá dé, omi tó ń ti orí àpáta sọ̀ kalẹ̀ kò ríbi gbà mọ́, fẹ́ǹsì dá a dúró, ó dàgún sí igun ìsàlẹ̀. Òkú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí, omi pupa bẹ̀rẹ̀ sí í sun látẹ̀gbẹ́, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ya wọnú kòtò, wọ́n ń fi korobá gbọ́n omi, omi ń sun, àwọn olóòkú dúró lábẹ́ agboòrùn, pósí wà lórí bẹ́ǹṣì méjì, ìyá àgbà kan sì ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti wojú ẹ̀ pé ṣé inú omi lẹ fẹ́ sin ọmọ mi sí ni. Ìgbà tó yá wọ́n gbé e padà sílé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí. Fẹ́ǹsì náà ṣì wà, ó dáa lójú. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ ló darí owó ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán là ń bá ara wa fà níbí.

Ẹ sì mọ irú ilẹ̀ tí a ní. Láti Kàbà dé Ògìdì dé Ìsánlú, àpáta ò jìnnà sókè, níbòmíì ẹ ò ní í gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kí dígà tó dún lórí òkúta. Itẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe sírú ilẹ̀ báyìí, kòtò ìdánwò la máa kọ́kọ́ gbẹ́, ká gbẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká sì tún gbẹ́ ẹ nígbà òjò, torí ìgbà òjò lomi abẹ́ ilẹ̀ ń gòkè. Àjọ tó ń mójú tó àyíká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà tó ṣe kedere lórí ẹ̀: ibojì gbọ́dọ̀ jìnnà tó 250 mítà sí kànga tàbí bọọ̀hólù tí wọ́n ń mu, 30 mítà sí odò tàbí ìsun omi míì, 10 mítà sí gọ́tà tó ń fa omi kúrò nínú oko, ó sì gbọ́dọ̀ ku erùpẹ̀ tó jìn tó mítà kan lábẹ́ ibojì kó tó kan omi. Ẹ wo 250 mítà yẹn, kí ẹ wá ro iye bọọ̀hólù tó wà ládùúgbò yín. Ẹni tó máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọnlẹ̀wọnlẹ̀, wolé-wolé àti ẹnjiníà omi ló máa kọ́kọ́ wá, kó tó wá bíríkìlà.

Ọ̀rọ̀ tí mo wá fẹ́ ká lò dípò "ìkọ́lé" ni "ìlalẹ̀". Ẹ wo ohun tí bíríkìlà ń ṣe kó tó gbé búlọ́ọ̀kù kan: á kan èèkàn, á ta okùn, á wọn igun, á wá fi eérú tàbí yẹ̀pẹ̀ fa ìlà tẹ̀ lé okùn yẹn. Ó ń la ilẹ̀ nìyẹn. Ó ń sọ fún ilẹ̀ pé ibí ni yàrá, ibí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí ayàwòrán itẹ́ náà ń ṣe lórí ìwé nìyẹn, ó ń la ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. "Ìṣọnà" tí ẹnì kan dábàá, mo rí i, ọ̀rọ̀ tó dùn ni, ṣùgbọ́n ọnà mú òdòdó àti fífín wá sọ́kàn, ẹni tó bá gbọ́ ìṣọnà itẹ́ á rò pé ọ̀rọ̀ òkúta orí ibojì là ń sọ. Ẹlòmíì á tún ní "lalẹ̀ hù" la fi ń sọ ti irúgbìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n "hù" ló ń ṣe iṣẹ́ irúgbìn níbẹ̀, "lalẹ̀" kàn ń sọ pé ilẹ̀ ṣí ni, kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì.

Àmọ́ o, ẹ má jẹ́ ká wá sọ ẹni tó ń ṣe é di "alalẹ̀". Mo rí i pé ẹnì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ ní àná. Fóònù tí gbogbo wa fi ń tẹ̀wé, ọ̀pọ̀ ò fàmì sí i, "alale" lásán ló máa hàn, nílẹ̀ Yorùbá sì rèé, alálẹ̀ ni àwọn baba ńlá tó ni ilẹ̀, àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ tá a bá ń ta omi sílẹ̀. Ẹ wá fi orúkọ wọn sọ òṣìṣẹ́ ìjọba, ní itẹ́ òkú pàápàá! Ká má tíì sọ ti alálè. Ìlalẹ̀ fún iṣẹ́ dáa, ẹni tó ń ṣe é, ká fi "ọ̀gá" tàbí "alámòójútó" ṣáájú ẹ̀.

Ó kan "itẹ́ òkú ìjọba" ti àǹtí wa. Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ wò ó dáadáa: ṣé itẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba ni, àbí itẹ́ fún òkú ìjọba, ìyẹn àwọn olóṣèlú àti sọ́jà tó kú? Méjèèjì ló ṣeé gbọ́ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì yọ òkú kúrò, "itẹ́ ìjọba" láìsí àmì á dà bí ìtẹ́ tí ọba ń jókòó lé. Ẹ fi "ti" sí i, "itẹ́ òkú ti ìjọba", wàhálà parí. Ẹ má sì ní ká lo "ibojì ìjọba", torí ibojì tàbí sàréè, ti ẹnì kan ṣoṣo ni, itẹ́ ni gbogbo wọn lápapọ̀. A nílò "ti ìjọba" yẹn gan-an torí ìjọ náà ní ilẹ̀ ìsìnkú tiwọn, ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń sin òkú àgbà sílé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, Àtẹ kẹrin, ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n yan iṣẹ́ dídá itẹ́ òkú sílẹ̀ àti ìtọ́jú ẹ̀ fún. Nílẹ̀ Okun, ìyẹn ń túmọ̀ sí pé káńsù Kàbà-Búnú, Ìjùmú, Yàgbà méjèèjì àti Mọ̀pà-Mùrò ló yẹ kó ní ẹni tí à ń wá orúkọ fún yìí.

"Alábòójútó itẹ́" fúnra ẹ̀, gbogbo ìlú ti ní i tẹ́lẹ̀. Bàbá tó ń di kọ́kọ́rọ́ géètì mú ni, tó ń fi àdá gé koríko, tó ń fi ibi tó kàn hàn àwọn agbẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ má gba orúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹni tí à ń wí, ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ àkànṣe, ọ̀rọ̀ tí rédíò ń lò lójoojúmọ́ tí gbogbo wa gbọ́. Bùọ̀dá wa Kàbà ní iṣẹ́ àkànṣe máa ń parí, itẹ́ kì í parí, torí náà kò bá a mu. Ó wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 17, 1862, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ni itẹ́ àwọn sọ́jà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ajagunfẹ̀yìntì ló ń bójú tó èyí tó lé ní 150 lónìí, wọn kì í sì í la gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìpele ìpele ni, ìpele kan lè jẹ́ ibojì tó máa tó bí ọdún mẹ́wàá, tó bá kù díẹ̀ kó kún wọ́n á ṣí òmíì, nígbà míì òkú ń wọlé lápá kan, katapílà ń ṣiṣẹ́ lápá kejì, ọ̀gá iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ tí àdúrà bá ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Ó bá a mu.

Níbẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ míì tí àbúrò wa béèrè ti wá, àwọn àpótí kọnkéré tí wọ́n máa ń tò sínú ilẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, tó jìn débi tí òkú méjì á fi lè wọ̀ ọ́, ọ̀kan lórí èkejì, tọkọtaya fún àpẹẹrẹ. Wọ́n á da erùpẹ̀ àti koríko bò ó, ọjọ́ ìsìnkú wọ́n á kàn ṣí i ni. Ó ń dín ilẹ̀ kù, ẹ̀gbẹ́ ò sì lè ya. Ẹnì kan pè é ní "pósí kọnkéré", kì í ṣe pósí, torí pósí ló ń wọnú ẹ̀. "Ibojì àṣesílẹ̀" ni mo mú wá. Àṣesílẹ̀ ti wà lẹ́nu wa, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìtumọ̀. Ìyá àgbà yẹn ì bá má rí ohun tó rí ká ní irú ẹ̀ wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì Ọbájáná sì rèé nítòsí wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà, òun ló sì dùn mí jù. Ìwé orúkọ. Puláànù itẹ́ tí kò bá ní nọ́ńbà fún ibojì kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà yẹn ò sì bá orúkọ mu nínú ìwé, oko lásán ni. Àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn sọ́jà ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, ni gbogbo ayé fi ń ṣe àwòkọ́ṣe nínú ìlalẹ̀ itẹ́: òkúta kan náà fún ọ̀gágun àti sọ́jà kékeré, ìlà tó gún, koríko tó mọ́. Wọ́n ní itẹ́ nílẹ̀ wa náà, ní Ìbàdàn àti Yàbá. Síbẹ̀, ní 2021, àwọn fúnra wọn gbé ìròyìn jáde pé àwọn tó kú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní tí wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan tó 116,000 ó kéré tán, ó sì lè tó 350,000, pàápàá àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì. Ọ̀pọ̀ aláàárù wà nínú wọn, tó ru ẹrù ogun títí wọ́n fi kú sọ́nà. Ẹni tí a bá fún lórúkọ tó jẹ́ ti ilé nìkan, kò ní í rí ìwé orúkọ bí apá kan iṣẹ́ ẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo fi ní kí "ìwé orúkọ itẹ́" wọnú àlàyé tí àbúrò wa máa kọ sábẹ́ orúkọ iṣẹ́ yìí, kó má kàn dá orúkọ kọ lásán.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù ò le. "Agbaṣẹ́ṣe" ti wà lẹ́nu wa fún ẹni tó gba kọ́ńtíráàtì, ẹ má wá òmíì. Owó tí wọ́n ń dì mú lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe títí wọ́n á fi rí i pé iṣẹ́ ò ya, "owó àdádúró" tó o. Àwòrán tí wọ́n ń yà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, puláànù ni káfíńtà àti bíríkìlà ń pè é, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, èyí tí mo fọwọ́ sí ni: alámòójútó iṣẹ́ àkànṣe ìlalẹ̀ itẹ́ òkú ti ìjọba. Ó gùn, mo mọ̀, lẹ́nu iṣẹ́ wọ́n á gé e kù sí ọ̀gá ìlalẹ̀, ìyẹn náà dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Búnú àti apá Yàgbà, ẹ bá mi bi àwọn bàbá tó ń pín ilẹ̀ oko pé kí ni wọ́n ń pe kíkan èèkàn àti títa okùn yẹn lédè tiwa gan-an. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà lẹ́nu wọn tó ju ìlalẹ̀ lọ, màá gbà á lójú ẹsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fàmì sí i dáadáa kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.